Bí Àyà Bá Ń Lù Kìkì Lẹ́yìn Sìgá Tàbí Lẹ́yìn Oúnjẹ Àjẹyó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó yíyá àti èlé kọ́ ni a fẹ́ fi ojú ewé yìí sọ. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni, ọkàn gan-an tí ń lù nínú àyà wa.

Ó ní ìdí tí a fi gbé e wá síwájú ẹgbẹ́. Nínú ọjà, nínú gáréèjì, níbi ìpàdé pàápàá, a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa: "Bí mo bá ti jẹun yó tán báyìí, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí lù kìkì." Ẹlòmíràn á ní lẹ́yìn sìgá ni tòun. Ẹlòmíràn á ní bí òun bá ti òde ìnáwó ọjọ́ Sátidé dé, tí òun fi orí lé ìrọ̀rí, òun á máa gbọ́ bí àyà òun ṣe ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán nílé kejì.

Ìdáhùn tí a máa ń fún ara wa kò pọ̀. A ní, "Afẹ́fẹ́ ló há sí ọ níkùn." A ní, "Ẹnìkan ló ń dárúkọ ẹ níbìkan." A ní, "Ó rẹ̀ ọ́ ni, lọ sùn." Nígbà mìíràn, òótọ́ ni pé kò ju àárẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọkàn ló ń ké pe ẹni tó ni ín, tí ẹni náà kò sì dáhùn. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé ká mọ èwo ni èwo.

KÍ NI IṢẸ́ ỌKÀN?

Ọkàn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀ lọ. Òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri gbogbo ara, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, tí kò ṣiṣẹ́, tí kò bínú, ọkàn rẹ̀ á máa lù láàrin ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ká mú 70. Ó di 4,200 ní wákàtí kan, ó di 100,800 láàrin ọ̀sán kan àti òru kan. Kò mọ ọjọ́ ìsinmi, kò mọ ọjọ́ ọdún. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí, ó yẹ ká máa wo ohun tí à ń dì lé e lórí.

Bí ẹni tó ru ẹrù bá gun àtẹ̀gùn, ọkàn rẹ̀ yóò sáré. Bí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò dúró, àyà awakọ̀ yóò já. Aboyún náà, ọkàn rẹ̀ máa ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí ó ń ṣiṣẹ́ fún ènìyàn méjì. Ìwọ̀nyí kì í ṣe àìsàn. Ohun tó gba àkíyèsí ni kí ènìyàn jókòó sórí àga, kí ó má sá, kí ó má jà, kí ọkàn rẹ̀ sì máa lù ju 100 lọ.

Bí a ṣe ń kà á kò le rárá. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ẹ fi ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ọwọ́ kejì tẹ ọrùn ọwọ́ náà níhà àtàǹpàkò, ẹ óò rí i tí iṣan ń sọ. Ẹ má fi àtàǹpàkò kà á, nítorí àtàǹpàkò ní iṣan tirẹ̀ tó ń sọ. Ẹ wo aago fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ ka iye ìgbà tó sọ, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó lè ka owó ọjà lè ka èyí.

SÌGÁ: Ẹ̀TÀN TÓ Ń MÚ ỌKÀN SÁRÉ

Nínú ewé tábà ni nicotine wà. Bí ènìyàn bá fa èéfín sínú, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ tó fi dé ọpọlọ. Bó bá ti dé ibẹ̀, ara á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Adrenaline yìí ni ohun tí ara fi ń múra ìjà tàbí eré, òun náà ló ń jáde bí ajá bá lé wa tàbí bí a bá gbọ́ pé olè wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọkàn á sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè. Sìgá kan lè fi ìgbà 10 sí 20 kún iye tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní 80 á wá wà ní 95 tàbí 100, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí. Kó tó rọlẹ̀ dáadáa, ó ti tán iná sí òmíràn.

Èyí nìkan kọ́. Èéfín sìgá ní carbon monoxide nínú. Èéfín yìí náà ni jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde, èyí tó ń pa àwọn tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn sùn. Ẹ wò ó báyìí: ẹ̀jẹ̀ wa dà bí ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sọ́jà, èrò inú rẹ̀ ni atẹ́gùn rere tí à ń mí sínú. Carbon monoxide á sáré jókòó sórí ìjókòó èrò, kò ní tètè sọ̀kalẹ̀, nítorí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn rere lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 200. Èrò tó yẹ kó dé ọjà kò rí àyè. Kí ni dírẹ́bà máa ṣe? Á máa pààrà ọ̀nà náà léraléra. Ìdí nìyẹn tí ọkàn amusìgá fi ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ fún èrè kékeré.

Àwọn ìyá wa tó ń fín aáṣà, àti àwọn bàbá tó ń jẹ tábà, lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn nítorí kò sí iná, kò sí èéfín. Lóòótọ́, wọ́n bọ́ lọ́wọ́ èéfín, ṣùgbọ́n wọn kò bọ́ lọ́wọ́ nicotine. Àwọn ọmọ wa tó ń mu ṣíṣà níbi àríyá náà, kí wọ́n má rò pé omi inú ìgò rẹ̀ ti fọ èéfín náà mọ́. Kò fọ̀ ọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà ìbílẹ̀ wa ni tábà jẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni igi rẹ̀ ti wá. Nígbà òwò ẹrú, tábà kíká láti Bahia ní ilẹ̀ Brazil wà lára ọjà tí wọ́n ń kó wá sí etíkun wa ní ìhà Ouidah láti fi ra ènìyàn. Nígbà tó yá ló di ohun tí à ń gbìn ní Òkè-Ògùn. Ohun tí wọ́n fi ra àwọn ènìyàn wa lọ láyé ìgbà náà, a kò gbọdọ̀ tún máa fi owó ara wa rà á láti ba ara wa jẹ́.

OÚNJẸ: KÌ Í ṢE ÀMÀLÀ LÓ JẸ̀BI

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí oúnjẹ. Bí oúnjẹ bá wọ ikùn, ikùn á nílò ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ láti fi dà á. Ọkàn á fi kún iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè tó ikùn, kó sì tún tó orí àti ẹsẹ̀. Nítorí náà, kí ọkàn yára díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ó bá ìṣẹ̀dá mu. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà. Bí oúnjẹ bá ṣe pọ̀ tó, tó sì wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọkàn ṣe máa pọ̀ tó. Oúnjẹ tí òróró tàbí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú ikùn, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ á pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ wo ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà ń jẹun. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ti jáde. Búrẹ́dì àti àkàrà méjì la fi panu. Ọjà kò jẹ́ ká ráyè ní ọ̀sán. Ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ká tó délé, a wá kó oúnjẹ ọjọ́ kan gbáko sínú ikùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọbẹ̀ olóróró, ẹran ọlọ́ràá, ṣàkì, òkèlè tó ga bí òkìtì. Kó tó tó ìṣẹ́jú 20 a ti dùbúlẹ̀. Ikùn tó kún á ti ara sókè sí abẹ́ àyà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa wá ọ̀nà àtijáde. Dókítà ará Jámánì kan, Ludwig Roemheld, kọ nípa irú èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, pé ikùn tó wú lè mú kí ọkàn máa lù sódì. Nítorí náà, ẹni tó ní "afẹ́fẹ́ ló há sí ọ níkùn" kò kúkú parọ́ tán. Àwọn àgbà wa pàápàá ti sọ ọ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ẹ tún rántí ohun tó ń tẹ̀lé oúnjẹ. Obì tí a ń gé jẹ, ìbáà ṣe àbàtà ìbáà ṣe gbànja, kaféènì wà nínú rẹ̀. Kaféènì yìí náà ló wà nínú kọfí, nínú tíì, àti nínú ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń pè ní ti agbára. Awakọ̀ tó bá jẹ obì mẹ́ta kí oorun má baà gbé e, tó tún fi agolo kan lé e, tó wá mu sìgá sí i, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí àyà rẹ̀ bá ń sáré ju mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ọtí ńkọ́? Ní ọdún 1978, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gbé wá sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ọdún. Ọtí ni wọ́n mu àmujù, ọkàn wọn wá ń lù ségesège. Orúkọ tí wọ́n fún un ni "ọkàn ọjọ́ ìsinmi". Bí wọ́n bá ti wá sí òde Sátidé tiwa ni, wọn ì bá rí iṣẹ́ ṣe. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró pò náà ọtí ni o.

Ó ku iyọ̀. Kì í ṣe iyọ̀ ló ń mú àyà lù kìkì lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ru ẹ̀jẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, bí èlé orí gbèsè tí a kò rántí. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, èyí tí kò ju ṣíbí ìpotíì kan lọ. Máàgì inú ọbẹ̀ wà lára ìṣirò náà, búrẹ́dì wà lára rẹ̀, ẹja gbígbẹ oníyọ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní òde ìnáwó kan ṣoṣo: ìrẹsì, ìyán, ẹran díndín, ọtí, obì, sìgá, ooru abẹ́ kánópì, ijó wákàtí mẹ́ta. Olúkúlùkù wọn ń yá lọ́wọ́ ọkàn. Kò sí èyí tó béèrè bóyá àwọn tó kù ti yá tiwọn.

Ẹ̀JẸ̀ RÍRU TÍ KÒ KÍGBE

Ọkàn tí iṣan rẹ̀ gbó tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tẹ́lẹ̀ kò lè fara da irú yíyá bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkùgbé, tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn tó sì kú ní ọdún 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwa aláwọ̀ dúdú. Ohun tí irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ ń tẹnu mọ́ ni pé àìsàn náà kì í sábà kígbe. Ẹni tó ní in lè máa tajà, kó máa jó, kó máa rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí apá àti ẹsẹ̀ kan bá rọ.

Àwọn kan ní inú ẹ̀jẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ló ti wá, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1997, tí Richard Cooper àti Charles Rotimi wà lára àwọn tó ṣe é, fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú 100 ènìyàn ní ìhà tiwa níbí, tí Nàìjíríà wà lára rẹ̀, nǹkan bí 16 ló ní in. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà ni wọ́n, ohun tó yàtọ̀ ni ìgbé ayé: ohun tí wọ́n ń jẹ, bí wọ́n ṣe sanra tó, bí wọ́n ṣe ń lo ara wọn. Àwa tí à ń fi mọ́tò rọ́pò ẹsẹ̀, tí à ń fi mínírà rọ́pò omi, ọ̀nà kan náà la ń tọ̀.

KÍ NI KÁ WÁ ṢE?

Èkíní, ẹ ṣí ìwé ìṣirò fún ọkàn yín bí ẹ ti ń ṣí i fún ọjà. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí ẹ jẹ, ohun tí ẹ mu, iye sìgá, aago tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí lù, iye ìgbà tó lù ní ìṣẹ́jú kan, àti bó ti pẹ́ tó. Dókítà tí ẹ bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kàn sọ pé "àyà mi ń já", ibi tí iṣẹ́ dókítà ti máa pọ̀ nìyẹn, nítorí nǹkan mìíràn pọ̀ tó ń fa èyí: ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, gẹ̀gẹ̀, ibà, oògùn ọ̀fìnkìn kan, oògùn fífà ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti ṣúgà ara tó lọ sílẹ̀ lójijì lára ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Àníyàn gbèsè náà wà níbẹ̀.

Ìkejì, ẹ pín oúnjẹ. Ẹ jẹ díẹ̀ ní ọ̀sán kí ti alẹ́ lè kéré. Ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí méjì tàbí mẹ́ta láàrin oúnjẹ alẹ́ àti oorun. Ẹ mú òróró dín kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún un. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ má jẹ àmàlà. Ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n, kí ewédú sì pọ̀ ju ọ̀rá lọ.

Ìkẹta, ẹ fi sìgá sílẹ̀. Èrè rẹ̀ kì í pẹ́ dé. Láàrin ìṣẹ́jú 20 sí ìgbà tí ènìyàn pa sìgá ìkẹyìn, lílù ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀. Láàrin wákàtí 12, carbon monoxide inú ẹ̀jẹ̀ á ti padà sí ìwọ̀n tó yẹ. Bó bá pé ọdún kan, ewu àìsàn iṣan ọkàn lára rẹ̀ á ti di nǹkan bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún. Ẹ gbọ́ ìṣirò tiwa náà: ẹni tó ń mu 10 lóòjọ́ ń mu 3,650 lọ́dún, ìyẹn páálí 182 àti ààbọ̀. Bí páálí kan bá jẹ́ 1,000 náírà, ó ti sun 182,500 náírà. Ẹ wo ohun tí owó yẹn ì bá ṣe nínú àfipamọ́ yín.

Ìkẹrin, bí àyà bá ń lù kìkì, ẹ jókòó, ẹ tú aṣọ tó fún, ẹ mí kanlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ mu omi. Bí ó bá rọlẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ju 120 lọ lórí ìjókòó tí kò sì fẹ́ rọlẹ̀, tàbí tó ń lù ségesège, tàbí tí àyà ń dunni, tí èémí ń há, tí òòyì ń kọ́ni, tí ènìyàn dákú, tí apá tàbí ẹnu rọ sápá kan, ẹ má pe ẹnikẹ́ni wá wo ohun tó fà á nínú ilé. Ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹlòmíràn lò, ẹ má sì dá tiyín dúró nítorí pé ara ti yá.

Ẹ̀YIN TÓ Ń TA SÌGÁ

A mọ̀ pé lára wa ń tà á lórí àtẹ. A kò wá bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé òfin ìjọba àpapọ̀ lórí tábà ti ọdún 2015 kò gbà kí a ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì gbà kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tà á. Ó tún ka títa igi kọ̀ọ̀kan léèwọ̀. Páálí odindi tí igi 20 wà nínú rẹ̀ ló sọ. Ẹ má rán ọmọ sídìí ọjà yẹn. Bí ẹ bá sì lè fi ọjà mìíràn rọ́pò rẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń yáni lówó wà fún irú ìyípadà bẹ́ẹ̀.

ÌDÍ TÓ FI JẸ́ Ọ̀RỌ̀ ẸGBẸ́

Ẹnìkan lè sọ pé, "Àyà mi ni, owó mi ni, kí ló kan ẹgbẹ́?" Ó kàn wá. Kò sí ẹni tó yáwó níbí láìní onígbọ̀wọ́. Bí ẹni tó yáwó bá ṣubú lulẹ̀ tí apá kan rọ, ọ̀dọ̀ onígbọ̀wọ́ ni gbèsè ń lọ. Àfipamọ́ ọdún mẹ́wàá lè parí sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn láàrin oṣù mẹ́ta, kí ọmọ sì kúrò nílé ìwé. Ìlera loògùn ọrọ̀, ẹnu wa náà la fi ń sọ ọ́.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí agbára rẹ̀ ká a ra ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá, kí a sì máa gbé e wá sí ìpàdé. Bí ènìyàn bá ti ń dúró de akápò, kí ó na apá rẹ̀. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kí akọ̀wé kọ nọ́ńbà náà sí ẹ̀yìn ìwé àfipamọ́ onítọ̀hún, kí ẹni tí tirẹ̀ bá ga ju bó ti yẹ lọ léraléra gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.

Kó tó di ìgbà náà, ẹ gbé ọwọ́ yín wò lónìí, ẹ wo aago, ẹ kà á. Ẹ tún kà á lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ mú nọ́ńbà méjèèjì bọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.